Họ́mọ̀nù kì í ṣe ìdọ̀tí tí à ń fọ̀

Sí Olóòtú,

A kí yín kú iṣẹ́. Ojú ìwé ìlera yín tó jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá la fẹ́ fèsì sí, èyí tó sọ pé obìnrin tí gbogbo ara bá ń ro, tó sùn tí kò sì sinmi, họ́mọ̀nù rẹ̀, ìyẹn èròjà tí ara ń ṣe láti fi rán ẹ̀yà ara níṣẹ́, ló dọ̀tí, kí ó lọ ra tíì tàbí àgbo inú ìgò tí yóò fọ̀ ọ́ mọ́. Ìpolówó ìgò náà wà nísàlẹ̀ ojú ìwé kan náà, pẹ̀lú iye owó rẹ̀. A kò bá ẹni tó kọ ọ́ jà. Àmọ́ irú ara ríro tó ń ṣàpèjúwe yẹn ní orúkọ, fibromyalgia ni, kò sì sí tíì tó ń fọ̀ ọ́.

Fibromyalgia kì í ṣe làkúrègbé, kì í sì í ṣe aromọléegun. Kì í wú oríkèé, kì í jẹ egungun. Ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn tó ń gba ìròyìn ìrora láti ara ló gbé ohùn sókè jù, bí ẹ̀rọ gbohùngbohùn òde àríyá tí wọ́n yí dópin: ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ lèèyàn sọ sínú rẹ̀, ariwo ló bọ́ síta. Ìdí nìyẹn tí ìfọwọ́kàn lásán fi lè dun aláìsàn, tí ìmọ́lẹ̀, òórùn àti òtútù ẹ̀rọ amúlétutù fi ń ni ín lára. Họ́mọ̀nù, oorun, oúnjẹ, àníyàn, gbogbo wọn ló lè fọwọ́ kan ibi tí wọ́n ti ń yí ohùn yẹn sókè sódò. Kò sí ọ̀kan tó dá a yí.

Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi í hàn, òun ló fà á tí wọ́n fi máa ń gbá aláìsàn bíi bọ́ọ̀lù láti ọ̀dọ̀ dókítà kan dé ọ̀dọ̀ òmíràn. Òdiwọ̀n ọdún 1990 ni pé kí dókítà tẹ ibi 18 lára, bí ìrora bá kárí ara tí 11 sì dùn, ó di fibromyalgia. Àwọn kan ṣì ń tẹ ara bẹ́ẹ̀ títí dòní. Èyí tí wọ́n tún ṣe ní 2016, ìbéèrè ló dá lé. Wọ́n pín ara sí ibi 19, wọ́n á béèrè mélòó ló ro yín láàárín ọ̀sẹ̀ kan sẹ́yìn. Wọ́n á tún fún àárẹ̀, jíjí láìsinmi, àti ìgbàgbé pẹ̀lú orí tó ṣú bí ìgbà ọyẹ́ ní máàkì láti òdo dé 3, ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Orí fífọ́, inú rírun àti ìbànújẹ́ ọkàn, máàkì kọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ kì í ju 12 lọ. Bí ibi tó ń ro bá tó 7 tí máàkì sì tó 5, tàbí tí ibi tó ń ro jẹ́ 4 sí 6 tí máàkì sì tó 9, tí ìrora náà kárí ó kéré tán apá mẹ́rin nínú márùn-ún tí wọ́n pín ara sí, tó sì ti lé ní oṣù mẹ́ta, òun nìyẹn. Ẹ̀yìn ríro nìkan kò tó. Ọkùnrin náà ń ní in, bó tilẹ̀ jẹ́ pé obìnrin ló pọ̀ jù.

Ṣùgbọ́n ó ní àwọn ajọra, a sì gbọ́dọ̀ wò wọ́n kúrò lọ́nà. Ní Èkó, ibà àti táífọ́ọ̀dù ló ń ru gbogbo ẹ̀bi ara ríro. Àyẹ̀wò Widal tí wọ́n ń ṣe lẹ́bàá ọ̀nà kò tó ẹ̀rí níbi tí táífọ́ọ̀dù ti wọ́pọ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ti bá kòkòrò náà pàdé rí lè máa gbé èsì bíi 1/80, tí wọ́n ń pè ní táífọ́ọ̀dù, jáde fún ìgbà pípẹ́ láìsí àìsàn kankan. Ẹni tó ti gba abẹ́rẹ́ táífọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín ọdún kan tí ara ṣì ń ro, kí ó fi owó ìkẹrin ṣe àyẹ̀wò mìíràn: FBC tó ń ka ẹ̀jẹ̀, ferritin tó ń fi áyọ́ọ̀nù tó kù nípamọ́ hàn, TSH fún tairọ́ìdì, ìyẹn kókó kan ní ọrùn tó ń ṣe họ́mọ̀nù, ESR tàbí CRP tó ń fi ara wíwú hàn, fítámìn D, àti jẹ́nótáípù bí kò bá mọ tirẹ̀. Obìnrin tí fáíbúróòdù mú, tó ń pààrọ̀ páàdì ní wákàtí kan sí méjì, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló ń tán. Tí wọ́n bá tọ́jú ìyẹn, àárẹ̀ náà lè kásẹ̀ nílẹ̀. Tairọ́ìdì tó lọ́ra máa ń mú ara wúwo, irun a máa já, òtútù a sì máa mú èèyàn nínú ooru oṣù kẹta.

Lórí tairọ́ìdì yìí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wa sọ ọ́ fáwọn èèyàn: hóró oògùn irun àti èékánná tí wọ́n ń tà káàkiri ọjà Ìdúmọ̀tà àti Balógun, biotin, ìyẹn fítámìn kan, ló pọ̀ nínú rẹ̀, biotin púpọ̀ sì máa ń da èsì àyẹ̀wò tairọ́ìdì rú. Kí ẹni tó ń lò ó dá a dúró fún ọjọ́ méjì, ó kéré tán, kí ó tó lọ fa ẹ̀jẹ̀, kí ó sì sọ fún ilé àyẹ̀wò.

Jẹnẹrétọ̀ náà wà lára àwọn ajọra. Bí orí fífọ́ àti àárẹ̀ bá ń mú gbogbo ará ilé láàárọ̀, tó sì ń lọ bí wọ́n bá ti jáde, ibi tí èéfín ń gbà wọlé ni kí ẹ wò. Kábọ́ọ̀nù mònókísáìdì kò ní òórùn, ó sì ń pààyàn.

Ó kan họ́mọ̀nù gan-an. Ara ọ̀pọ̀ obìnrin tó ní fibromyalgia máa ń ro jù ní ọjọ́ mélòó kan kí nǹkan oṣù tó dé àti ní ọjọ́ kìíní sí ìkejì rẹ̀. Ẹ́sítírójìn àti progesterone, họ́mọ̀nù obìnrin méjì, máa ń já wálẹ̀ lásìkò yẹn, oorun a sì dàrú. Họ́mọ̀nù kò bàjẹ́ o. Bó ṣe yẹ kó lọ sókè sódò ló ń lọ, ọpọlọ tó ti gbé ohùn sókè ló ń gbọ́ ọ kíkankíkan. Ìdí nìyẹn tí àyẹ̀wò "họ́mọ̀nù gbogbo" olówó gọbọi fi sábà máa ń bọ́ síbi tó yẹ, tí aláìsàn á gbé ìwé wálé láìmọ ohun tí yóò fi ṣe.

Ìwé àkọsílẹ̀ olówó pọ́ọ́kú wúlò jù ú lọ. Ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bá kọ́kọ́ yọ ni ọjọ́ kìíní. Lálaalẹ́, ìṣẹ́jú méjì péré: ìrora láti òdo dé 10, àárẹ̀ láti òdo dé 10, wákàtí tí ẹ sùn, oògùn tí ẹ lò, iṣẹ́ tó gba agbára jù lọ́jọ́ náà. Oṣù kan kò tó, ó lè jẹ́ oṣù burúkú. Bó bá di ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tí nǹkan oṣù yí po, àpẹẹrẹ á yọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ ó wá mọ ìgbà tí ẹ lè gbé ìrìn àjò ọjà, aṣọ fífọ̀ rẹpẹtẹ àti òde àríyá sí, ó sábà máa ń jẹ́ ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé nǹkan oṣù. Ní ọjọ́ tí kò dára, ẹ dín rírìn kù ní ìdá kan nínú mẹ́ta, ẹ má pa á tì.

Láàárín ọdún 45 sí 55, tí nǹkan oṣù ń palẹ̀ mọ́, wàhálà náà máa ń yí padà. Ooru òjijì ló ń jí obìnrin lẹ́ẹ̀mẹ́rin lóru. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ìrora ọjọ́ kejì ti dájú. Dókítà lè fún ẹlòmíì ní oògùn họ́mọ̀nù fún ooru náà, oorun á sì dára. Àmọ́ kì í ṣe oògùn fibromyalgia, kò sì yẹ ẹni tó ti ní jẹjẹrẹ ọmú tàbí ẹ̀jẹ̀ dídì nínú iṣan rí. Kì í ṣe ohun tí à ń rà lórí káńtà.

Ibi tí họ́mọ̀nù ti ń bàjẹ́ lóòótọ́ ni inú ọ̀rá kékeré tí wọ́n ń dì fúnni ní kẹ́mísìtì: hóró funfun, hóró pupa, hóró yẹ́lò, "lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, mà". Dexamethasone tàbí prednisolone, oògùn sítẹ́rọ́ìdì tó ń pa ara wíwú, lè wà nínú rẹ̀ láìsọ fún ẹni tó rà á. Ara á fúyẹ́ lọ́jọ́ kejì, aláìsàn á ní òun ti rí babaláwo òun. Tó bá pẹ́, ojú á wú bí òṣùpá, ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ á yọjú, egungun á máa rọ. Kókó orí kíndìnrín tó ń ṣe cortisol, ìyẹn họ́mọ̀nù tó ń gbé ara dìde láàárọ̀, á rí i pé ẹlòmíì ń bá òun ṣiṣẹ́, á káwọ́ gbera. Ẹni tó ti lò ó ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ kò gbọ́dọ̀ já a lójijì, nítorí èébì, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ tó já wálẹ̀ àti dídákú lè tẹ̀lé e. Dókítà ni yóò máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Gbogbo ewu yìí sì jẹ́ lórí oògùn tí kò rí ohun kan pa, nítorí fibromyalgia kì í ṣe ara wíwú. Diclofenac, piroxicam àti ibuprofen náà kì í ràn án púpọ̀, ọgbẹ́ inú àti kíndìnrín tó bàjẹ́ sì ni èrè tó ń kù sílẹ̀. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Oògùn tó ní ẹ̀rí lẹ́yìn kò pọ̀. Amitriptyline ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀, mílígíráàmù 10 péré, wákàtí kan sí méjì kí èèyàn tó sùn, tí dókítà á máa fi díẹ̀díẹ̀ gbé sókè dé 25, ó lè dé 50. Ẹnu gbígbẹ, inú líle àti orí wúwo láàárọ̀ ni ìyọnu rẹ̀. Bí orí bá wúwo jù, ẹ lò ó ṣáájú ìgbà tí ẹ ń lò ó, ẹ má fi hóró kejì kún un torí pé ti àná kò jẹ́. Duloxetine àti pregabalin náà wà. Èyí tó bá dín ìrora kù ní ìdá kan nínú mẹ́ta ti ṣe gudugudu méje àti yàyà mẹ́fà. Kí ẹnikẹ́ni má da tramadol pọ̀ mọ́ duloxetine tàbí amitriptyline láìjẹ́ pé dókítà mọ̀, gìrì lè mú un. Ẹni tó sì ń lo pregabalin tàbí amitriptyline, kí ó jìnnà sí párága: èémí lè lọ sílẹ̀ nínú oorun.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ agbára, torí ibẹ̀ ni ìyà pọ̀ jù sí ní ìlú yìí. Bátìrì ìńfátà olómi ni agbára aláìsàn yìí jọ. Ẹni tó bá ń lò ó gbẹ pátápátá lójoojúmọ́ kí ó tó gbà á sí iná, bátìrì rẹ̀ kì í pẹ́. Lọ́jọ́ tí ara bá yá, wọ́n á fọ aṣọ ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n á lọ ọjà Mile 12, wọ́n á se ọbẹ̀ mẹ́ta. Ọjọ́ mẹ́ta tó tẹ̀lé e, orí ibùsùn ni. Wọ́n á ní àìsàn ló dé. Ọjọ́ tí ara yá yẹn ló pe àìsàn wá.

Bí wọ́n ṣe ń wọn iṣẹ́ nìyí. Ẹ mú iṣẹ́ kan, bí ìdúró nídìí ààrò. Fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kọ ìṣẹ́jú tí ẹ fi dúró kí ìrora tó fi máàkì méjì gòkè. Ká ní ó jẹ́ 20, 30 àti 10: àròpín rẹ̀ jẹ́ 20. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìyẹn ni ẹ ó fi bẹ̀rẹ̀, ìṣẹ́jú 15. Bí fóònù bá ti dún ní 15, ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá, kódà bí ara bá ní òun ṣì lè ṣe é. Níbi "òun ṣì lè ṣe é" yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Ẹ dúró síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, bí ara bá gbà á, ẹ fi ìṣẹ́jú kan tàbí méjì kún un. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Nínú ilé, àga gíga ni kí ẹ fi bó iṣu, kì í ṣe àpótí ìdáná tó ń ká ẹ̀yìn mọ́lẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì 25 líítà tó kún, kílò 25 ló wà lọ́wọ́ kan yẹn. Ìdajì bọ́kẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀mejì sàn jù. Ẹ se ọbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ pín in sínú abọ́ kéékèèké sínú fírísà. Fírísà tó kún, tí ẹnikẹ́ni kò ṣí, lè mú òtútù dání fún bí ọjọ́ méjì bí iná bá lọ. Èyí tó kún dé ìdajì, bí ọjọ́ kan.

Ìrìn àjò Erékùṣù nìkan lè jẹ ìdajì agbára òòjọ́. Ẹni tó dúró lórí ìlà bọ́ọ̀sì BRT fún wákàtí kan ti ṣiṣẹ́ kí ó tó dé ibi iṣẹ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí iṣẹ́. Ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ bá gba Mile 2 dé Marina lè wọ rélùwéè Blue Line tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní September 2023, kì í há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ṣùgbọ́n ẹ ka àtẹ̀gùn ibùdókọ̀ mọ́ ọn. Bí ẹ bá fẹ́ bẹ ọ̀gá níbi iṣẹ́, wákàtí ìwọlé ni kí ẹ bẹ̀ ẹ́ fún kí ó yí padà, ó rọrùn fún un láti gbà ju kí ó dín iṣẹ́ kù lọ.

Eré ìdárayá ńkọ́? Nínú ìtọ́sọ́nà ẹgbẹ́ dókítà oríkèé ilẹ̀ Yúróòpù, EULAR, ti ọdún 2017, òun nìkan ni ìtọ́jú tí wọ́n fọwọ́ sọ̀yà fún gidigidi. Ìṣẹ́jú márùn-ún rírìn, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, kí oòrùn tó mú, tó. Ẹ máa fi ìṣẹ́jú kan sí méjì kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí tí yóò fi tó 20 sí 30. Fún iṣan, ọ̀rá pure water 50cl jẹ́ ìdajì kílò: ọ̀kan lọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ gbé e sókè lẹ́ẹ̀mẹ́jọ, ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀. Bí ara bá ro yín fún ọjọ́ kan, kò burú. Bó bá kọjá ọjọ́ méjì, ìdajì ni kí ẹ ṣe nígbà tó ń bọ̀.

Oorun kò gba àlàyé púpọ̀: wákàtí ìjí kan náà ní gbogbo ọjọ́, Sátidé àti Sọ́ńdè pẹ̀lú, oorun ọ̀sán kò gbọ́dọ̀ ju 30 ìṣẹ́jú, kò sì gbọ́dọ̀ kọjá aago mẹ́ta. Ẹni tó ń han-an-run tí èémí rẹ̀ ń dá dúró lóru, kí ó sọ fún dókítà. Ti ìṣọ́ òru, ẹ gbé e sí ọ̀sẹ̀ tí ìwé àkọsílẹ̀ yín bá sọ pé ara máa ń yá.

Ó ku oúnjẹ. Kò sí oúnjẹ kan pàtó fún fibromyalgia, ẹni tó bá ń ta àtẹ rẹ̀ ń ta bébà. Ohun tó wà ni oúnjẹ tí kì í jẹ́ kí agbára já lójijì. Ìdajì búrẹ́dì Àgége pẹ̀lú tíì olómi ṣúgà ní aago márùn-ún ààbọ̀ àárọ̀, kó tó di aago mẹ́wàá ebi ti ń hanni, orí ti ṣú. Ẹ fi ẹyin méjì sí i, púrótíìnì bí gíráàmù 12 nìyẹn, kí búrẹ́dì wá dínkù. Tàbí kí ẹ fi mọ́ínmọ́ín mu ògì. Lọ́sàn-án, ẹ jẹ́ kí òkèlè má ju ìkúùkù ọwọ́ yín lọ, kí ẹja tàbí ẹran tó àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ̀fọ́ gba ìdajì abọ́. Ìwà Èkó ni pé òkèlè á gba ìdajì, ẹ̀fọ́ á wá dà bí ohun ọ̀ṣọ́. Ẹja Titus àti ṣawá, tí àwọn kan ń fojú tín-ín-rín, ní ọ̀rá omega-3. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ dára. Ẹ̀gúsí, ẹ̀pà àti ẹ̀wà ní magnesium, ẹ kò nílò ike hóró olówó iyebíye kí ẹ tó rí i.

Inú wíwú àti inú rírun sábà máa ń bá àìsàn yìí rìn. Ẹ̀wà ni wọ́n á kọ́kọ́ lé jáde, wọ́n á sì pàdánù púrótíìnì tó rọ̀ wọ́n lọ́rùn jù. Ẹ rẹ ẹ́ sómi fún wákàtí 8 sí 12, ẹ da omi náà nù, ẹ fi omi tuntun sè é, ìdajì ife ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá fura sí oúnjẹ kan, wàrà, àlùbọ́sà, tàbí hóró màgí, ẹ yọ òun nìkan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ dá a padà fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ wo ìwé àkọsílẹ̀. Ẹni tó yọ mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan kò ní mọ èyí tó jẹ̀bi, ògì ni yóò sì máa mu ṣáá.

Kaféènì obì, kọfí àti ohun mímu agbára: ìdajì rẹ̀ ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn bíi wákàtí márùn-ún. Obì aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ṣì ń ṣọ́ èèyàn ní aago mẹ́wàá alẹ́. Àwọn ìyẹ̀fun orí fífọ́ kan náà ní kaféènì, ẹ ka ara páálí. Lórí mínírà, ẹ wo gíráàmù ṣúgà, ẹ pín in sí mẹ́rin, iye ṣíbí tíì tó wà nínú rẹ̀ nìyẹn. Tíì kì í jẹ́ kí áyọ́ọ̀nù inú ẹ̀fọ́ wọ ara dáadáa, ẹ jẹ́ kó tó wákàtí kan lẹ́yìn oúnjẹ. Ọsàn ni kí ẹ jẹ tẹ̀lé e. Ẹni tó ń lo levothyroxine, oògùn tairọ́ìdì, inú òfìfo ni kí ó fi lò ó, ìṣẹ́jú 30 sí 60 kí ó tó jẹun, kí hóró áyọ́ọ̀nù tàbí kásíọ́ọ̀mù sì jìnnà sí i ní wákàtí mẹ́rin. Fítámìn D 50,000 tí wọ́n ń lò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láìṣe àyẹ̀wò, kásíọ́ọ̀mù lè pọ̀ lápọ̀jù nínú ẹ̀jẹ̀ kí ó sì ba kíndìnrín jẹ́.

Ní ti ààwẹ̀, Rámádàánì tàbí ọlọ́jọ́ 21, kí aláìsàn rí dókítà ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú kí wọ́n tún wákàtí oògùn tò. Oògùn tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kan lálẹ́ kò ní wàhálà. Sààrì tó jẹ́ búrẹ́dì àti tíì nìkan kò ní gbé e dé ọ̀sán.

Ẹ̀bẹ̀ wa sí Olóòtú ni pé kí ẹ tẹ àtẹ àkọsílẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan sí ojú ìwé ìlera tó ń bọ̀, ní àyè tí ìpolówó ìgò yẹn gbà: ìlà méje fún ọjọ́ méje, òpó mẹ́fà fún ọjọ́ nǹkan oṣù, ìrora, àárẹ̀, wákàtí oorun, oògùn, àti iṣẹ́ tó gba agbára jù. Kí ó tóbi tó láti fi àlùmọ́gàjí gé, kí ẹni tó bá ń lọ rí dókítà oríkèé ní ilé ìwòsàn LUTH tàbí LASUTH lè gbé mẹ́rin fún oṣù kọ̀ọ̀kan dání. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni dókítà ní fún ẹnì kan, àtẹ yẹn yóò sọ ohun tí ẹnu lè gbàgbé.

Àwa ni tiyín,
Nọ́ọ̀sì méjì, apoògùn kan àti onímọ̀ oúnjẹ kan,
Sùúrùlérè, Èkó.